Ẹ-Jẹ́-N-Wò-Ó, Aránṣọ Tó Ń Tọ́jú Ẹja Wúrà

Kò sí ẹni tó gbọ́ ikú Ẹ-Jẹ́-N-Wò-Ó tí kò kọ́kọ́ béèrè pé, "Ṣé aránṣọ tí wọ́n so okùn ẹ̀rọ mọ́ láyà, tó ní òun ò kúrò nídìí ẹja?" Òun náà ni. Ọ̀rọ̀ ọjọ́ yẹn ti rìn jìnnà, àwọn tó ń gbé e kiri sì ti fi iyọ̀ sí i lọ́nà, ṣùgbọ́n bó ṣe ṣẹlẹ̀ gan-an nìyí.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé kan, ìyàwó rẹ̀ mú un lọ sí ilé ìwòsàn kékeré tó wà ní ìkángun òpópónà wọn. Ó ń mí hẹlẹhẹlẹ bí ẹni tó sáré gun òkè, bẹ́ẹ̀ ẹnu ọ̀nà ló ti rìn dé orí bẹ́ǹṣì. Dókítà tó wà níbẹ̀, obìnrin kan tí kì í fi àkókò ṣòfò, wò ó lẹ́ẹ̀kan péré, ó ní kí wọ́n máa mú un wọlé kó tó kan ẹnikẹ́ni. Nọ́ọ̀sì di apá rẹ̀ kan mú, ìyàwó rẹ̀ di ìkejì mú. Ó ku ìṣísẹ̀ mẹ́fà kí wọ́n dé yàrá dókítà nígbà tí bàbá náà dúró gbagidi.

Àpótí gíláàsì kan wà lára ògiri níbẹ̀, tí wọ́n kó ẹja wúrà mẹ́ta sí kí àwọn tó ń dúró de dókítà lè rí nǹkan fojú wò. Ẹja mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti gòkè wá sójú omi, wọ́n ń la ẹnu, wọ́n ń pa á dé. Èyí tó tóbi jù ti fì sí ẹ̀gbẹ́ kan.

"Ẹ jẹ́ n wò ó," ni aránṣọ wí.

"Bàbá, ẹ̀yin la fẹ́ wò," ni dókítà dá a lóhùn.

"Ẹ máa wò mí. Èmi náà á máa wò wọ́n."

"Bàbá, ọkàn yín ò lè dúró de ẹja."

"Ẹja náà ò lè dúró de ọkàn mi."

Ó já apá rẹ̀ gbà, ó fa àpótí ìjókòó kan, ó jókòó síwájú gíláàsì náà. Ìyàwó rẹ̀ ti bá a gbé fún ọdún méjìlélógójì. Ó mọ̀ pé bí wọ́n bá fi ipá fà á, yóò bá wọn jà, ìjà yẹn sì lè jẹ́ èyí tí yóò jà kẹ́yìn. Ó yíjú sí dókítà, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ma, ẹ bá wa gbé ẹ̀rọ yín wá síbí."

Bí wọ́n ṣe tú bọ́tìnnì ẹ̀wù rẹ̀ nìyẹn níwájú aláìsàn mọ́kànlá, tí wọ́n lẹ okùn ẹ̀rọ mọ́ ọn láyà, tí òun náà sì ń fọ̀rọ̀ wá àwọn ènìyàn lẹ́nu wò.

"Ta ló pààrọ̀ omi yìí?"

Obìnrin tó ń nu ilẹ̀ di igi ìnulẹ̀ rẹ̀ mú ṣinṣin. "Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án, Bàbá."

"Ẹja kì í purọ́, ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀ ló ń purọ́. Òkúta ìsàlẹ̀ yìí ń dán bí àwo tuntun. Ṣé àná ni àbí òní?"

Obìnrin náà wo dókítà, ó wo ilẹ̀. "Òní ni, Bàbá. Àwọn ọ̀gá àgbà ń bọ̀ wá yẹ ibí wò lọ́sàn-án. Omi yẹn ti ń pọ́n. Mo da gbogbo rẹ̀ nù, mo fọ òkúta, mo sì fi omi ẹ̀rọ kún un. Mo kàn fẹ́ kó mọ́ ni. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n tìtorí rẹ̀ lé mi."

"O fẹ́ràn wọn ni," ni aránṣọ sọ, ohùn rẹ̀ sì rọ̀. "Ìkà ò pa ẹja tó bí ìfẹ́ ṣe ń pa á."

Ó wá ṣàlàyé fún wọn, pẹ̀lú ìdánudúró láàárín gbólóhùn kọ̀ọ̀kan kó lè rí èémí, pé kẹ́míkà tí wọ́n fi ń pa kòkòrò inú omi ẹ̀rọ kì í ṣe ènìyàn ní nǹkan kan, ṣùgbọ́n ó ń jó ibi tí ẹja fi ń mí. Omi ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ sùn nínú garawa tí a kò dé, ó kéré tán ọjọ́ kan, kó tó dé ọ̀dọ̀ ẹja. "Ṣé ẹ ní omi tó ti sùn níbí?"

Nọ́ọ̀sì rántí pé dúrọ́ọ̀mù kan wà lẹ́yìn ilé, tí wọ́n ti pọn kún láti ọjọ́ Ẹtì nítorí ẹ̀rọ omi tó máa ń ṣe ségesège. Aránṣọ ní kí wọ́n bu u wá. Ó ti ìka bọ̀ ọ́, ó fajú ro. Omi náà tutù ju ti inú gíláàsì lọ. Bí wọ́n bá dà á lé àwọn ẹja lórí lójijì, òtútù á parí ohun tí kẹ́míkà bẹ̀rẹ̀. Bí wọ́n bá sì fi falẹ̀, kẹ́míkà á parí rẹ̀ fúnra rẹ̀. Nọ́ọ̀sì, tó ti ń kùn látàárọ̀ pé bàbá yìí ń fi àkókò àwọn ṣeré, wọlé lọ, ó sì padà dé pẹ̀lú rọ́bà dírípù mẹ́rin àti ọ̀pá tí wọ́n ń gbé e kọ́. Wọ́n bu ìdajì omi inú àpótí náà dànù, wọ́n gbé garawa omi tó ti sùn kọ́ sókè, omi sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Aránṣọ gba ife ìmumi dókítà, ó ń bu omi, ó ń dà á padà láti òkè kí atẹ́gùn lè wọ inú rẹ̀.

Dókítà wo bébà tó ń jáde lẹ́nu ẹ̀rọ. "Bàbá, èyí ò dára o."

"Èwo nínú wọn?"

"Ẹ̀yin ni."

Ìyàwó rẹ̀ sún mọ́ etí rẹ̀, ó ní, "Bàbá wọn, bí ẹ bá kú síbí, ta ló máa sọ fún wọn ìgbà tí omi bá tó?"

Ó ro ọ̀rọ̀ yẹn. Ó gbé ife lé obìnrin tó ń nu ilẹ̀ lọ́wọ́. "Máa bù ú, máa dà á. Wo ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn bó ṣe ń ṣí tó ń pa dé. Ohun tí o bá rí, wá sọ fún mi." Nígbà náà ló tó dìde. Gbogbo àwọn tó wà lórí bẹ́ǹṣì lọ́jọ́ náà ni yóò jẹ́rìí pé ẹja mẹ́ta ló gba dírípù ṣáájú rẹ̀.

Iṣẹ́ aṣọ ló kọ́, kò kọ́ iṣẹ́ ẹja. Kóòtù ọkùnrin ni wọ́n fi mọ̀ ọ́n, ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ sì wà lábẹ́ ilé tí òun àti ìyàwó rẹ̀ ń gbé. Orúkọ ìnagijẹ rẹ̀ kò ní ìtàn kankan nínú. Kò sí ohun tí o gbé wọ ṣọ́ọ̀bù yẹn, ìbáà ṣe kóòtù, ìbáà ṣe bàtà, ìbáà ṣe ọmọ tuntun, tí kò ní na ọwọ́ méjèèjì kó sì wí pé, "Ẹ jẹ́ n wò ó."

Oníbàárà kan tó fẹ́ rin ìrìn-àjò ọ̀sẹ̀ méjì ló gbé ẹja wúrà kan fún un pa mọ́, kò sì padà mọ́. Wọ́n ní iṣẹ́ dì í mú níbi tó lọ. Kò pẹ́ tí ikùn ẹja náà fi wú, tó dojú délẹ̀, tó ń léfòó kiri bí ewé. Ẹlòmíràn ì bá ti dà á nù. Aránṣọ wò ó bó ṣe ń wo aṣọ tí wọ́n dá padà, ó ń wá ibi tí àṣìṣe ti bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó ni ẹja ti sọ fún un pé kó máa fún un lóúnjẹ nígbàkigbà tó bá béèrè, bẹ́ẹ̀ ẹja kì í sọ pé ó tó. Ó ti agolo oúnjẹ mọ́ inú dúrọ́ọ̀ tábìlì rẹ̀, ó fi ẹja náà sílẹ̀ láìjẹun fún ọjọ́ méjì, ní ọjọ́ kẹta ó se hóró ẹ̀wà tútù aláwọ̀ ewé kan ṣoṣo, ó fi ẹnu abẹ́rẹ́ bó èèpo rẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́ rọ̀, ó fún un jẹ. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ẹja ti nàró. Ọdún mẹ́sàn-án ló tún lò láyé. Aránṣọ kò dẹ́kun ríròyìn rẹ̀, ààwẹ̀ ẹja náà sì ń gùn sí i lọ́dọọdún. Nígbà tí bàbá náà yóò fi kú, ọjọ́ méjì yẹn ti di mọ́kànlá.

Báyìí ni àwọn ènìyàn ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ẹja wá. Kò ní wo ẹja kó tó fi ẹni tó gbé e wá jókòó sórí àpótí ìjókòó gíga tí àwọn oníbàárà máa ń dúró lé bó bá fẹ́ wọn ìsàlẹ̀ ṣòkòtò wọn. Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ kan tó ti fẹ̀yìn tì jókòó síbẹ̀ lọ́jọ́ kan, ẹja rẹ̀ nínú abọ́ lórí itan rẹ̀.

"Ẹ̀ẹ̀melòó lẹ ń fún un lóúnjẹ, ma?"

"Díẹ̀ ni mo máa ń fún un."

"N ò béèrè bó ṣe pọ̀ tó. Ẹ̀ẹ̀melòó?"

"Láàárọ̀. Lọ́sàn-án. Àti... bó bá wojú mi."

"Ẹja ò ní ìpéǹpéjú, ma. Ìgbà gbogbo ló ń wojú yín."

Ó gba agolo oúnjẹ náà lọ́wọ́ obìnrin tó ti na ìdajì àwọn ọmọ àdúgbò rí, ó sì kó o sínú dúrọ́ọ̀ bọ́tìnnì fún ọjọ́ mẹ́ta.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí kò lè ṣe kó má sọ fún gbogbo wọn. "Kì í ṣe àrùn ló ń pa ẹja jù, àìtètè-rí ni. Bí kò bá jẹun, bó bá ká lẹbẹ rẹ̀ mọ́ra, bó bá ń jókòó sí ìsàlẹ̀ omi, bí nǹkan funfun bí hóró iyọ̀ bá ń yọ lára rẹ̀, má sọ pé ó di ọ̀la. Ẹja tó ń ṣàìsàn máa ń fara pa mọ́. Ó mọ̀ pé bí ayé bá rí i pé ó ti rẹ òun, wọ́n lè fi òun jẹun."

Gbogbo rẹ̀ ló ń kọ sínú ìwé ìwọ̀n aṣọ rẹ̀, kóòtù láti iwájú, ẹja láti ẹ̀yìn. Ìparí ọ̀rọ̀ ẹja kọ̀ọ̀kan kò ju méjì lọ: "Ó yè. Ẹni tó ni ín ló tètè rí i," tàbí "Ó kú. Wọn ò tètè rí i." Lọ́dún kan, kóòtù àti ẹja pàdé láàárín ìwé. Ìyàwó rẹ̀, tó ń bá a rán bọ́tìnnì tó sì ń lọ aṣọ, ṣí ojú ewé náà láti wo ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe sí kóòtù dúdú gígùn onírù lẹ́yìn tí olórí ẹgbẹ́ akọrin kan gbé wá. Ó rí i kà pé: "Ìdí ìrù ti ń jẹrà. Rẹ ẹ́ sínú omi iyọ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá." Ó wo ìrù kóòtù, kòkòrò ti jẹ ẹ́ lóòótọ́. Ó rẹ ẹ́ sínú omi iyọ̀. Nígbà tó gbẹ, ìdí rẹ̀ funfun báláú.

"Bàbá, kí ló ṣe kóòtù mi?" ni oníkóòtù béèrè.

"Ó ti yè," ni aránṣọ wí.

Láti ọjọ́ yẹn, ìyàwó rẹ̀ kì í ka ìwé náà láìwọ gíláàsì ojú, ẹ̀ẹ̀mejì ló sì ń ka ìlà kọ̀ọ̀kan. Ohun tó gba ẹ̀mí bàbá náà là nìyẹn.

Ní ọjọ́ Àìkú tó ṣáájú ọ̀rọ̀ ilé ìwòsàn, ó ń wá ìwọ̀n apá ẹnì kan nígbà tó já sí ojú ewé tí kò rí rí. Ó kà á: "Ẹja ńlá kan. Akọ. Kò jẹun dáadáa láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ó ń mí ní ìgbà mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n láàárín ìṣẹ́jú kan. Ó máa ń dúró sinmi láàárín àtẹ̀gùn. Ẹsẹ̀ méjèèjì ti wú. Má tíì sọ fún ẹni tó ni ín."

Àánú ẹja náà ṣe é. Ó wọ ṣọ́ọ̀bù lọ wá a, ó wo àpótí gíláàsì kọ̀ọ̀kan. Gbogbo wọn ń jẹun, gbogbo wọn ń wẹ̀ kiri. Ó padà sídìí ìwé, ó kà á lẹ́ẹ̀kejì gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀. Ìka rẹ̀ dé orí "àtẹ̀gùn," kò lè kúrò níbẹ̀ mọ́. Àtẹ̀gùn kan ṣoṣo ló wà nínú ilé náà, òun àti ọkọ rẹ̀ ló sì ń gùn ún.

Ọkọ rẹ̀ wà nídìí tábìlì, píìnì kún ẹnu rẹ̀. Ibẹ̀ ló máa ń fi píìnì sí bí kò bá fẹ́ dáhùn ọ̀rọ̀.

"Bàbá wọn, ẹja wo ló ní ẹsẹ̀?"

Ó tún ki píìnì kan bọ ẹnu.

"Ẹ yọ píìnì lẹ́nu."

Ó ń yọ wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó ń gún wọn mọ́ ìrọ̀rí kékeré tó wà lápá rẹ̀. Kò sí ìgbà kan tó fi píìnì falẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ fa àpótí ìjókòó gíga náà wá, ó ní kó jókòó. Fún ìgbà àkọ́kọ́, òun ló wà lórí rẹ̀.

"Láti ìgbà wo?"

"Kò tíì pẹ́."

"N ò béèrè bóyá ó pẹ́. Ìgbà wo?"

"Láti ìparí oṣù tó kọjá." Ó wo ọwọ́ ara rẹ̀. "Ẹ̀rù ń bà mí, Ìyá wọn. Bí wọ́n bá wò mí, wọ́n á rí i."

"Kí ni iṣẹ́ yín láti ogún ọdún, bí kò ṣe kí wọ́n lè tètè rí i?"

Ìyàwó rẹ̀ sunkún díẹ̀, inú sì bí i pé òun sunkún. Ó gbé ẹsẹ̀ ọkọ rẹ̀ sókè, ó fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́, ojú ibi tó tẹ̀ jìn wọlé kò sì padà. Ó sọ fún un pé bí ilẹ̀ bá mọ́, ilé ìwòsàn ni àwọn ń lọ, bí ó bá sì di dandan, nínú garawa lòun yóò gbé e lọ.

Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi wà níbẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ Ajé. Nígbà tó wá dùbúlẹ̀ nínú yàrá dókítà, tí ìyàwó rẹ̀ dúró síbi orí rẹ̀, dókítà ní, "Omi ti pọ̀ jù lára yín, Bàbá. Ọkàn yín ò lágbára tó láti máa tì í kiri. A máa fà á jáde."

"Ẹ má fa gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà o. Ìdá kan nínú mẹ́rin."

Ẹnìkan kan ilẹ̀kùn. Obìnrin tó ń nu ilẹ̀ yọjú, ife ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. "Èyí tó kéré jù ti kú, Bàbá."

Ó di ojú rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ ń wo nọ́ńbà tó ń yí padà lójú ẹ̀rọ, kò mọ ìtumọ̀ rẹ̀, àmọ́ ó rí i pé ojú dókítà ń wo ibì kan náà. Wọ́n gún un lábẹ́rẹ́, wọ́n fi atẹ́gùn sí i nímú. Ogún ìṣẹ́jú kọjá. Ìyàwó rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ka mímí rẹ̀ bó ṣe máa ń rí i tó ń ka ti ẹja: mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n. Ó tún un kà: méjìlélọ́gbọ̀n. Nígbà tó di mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n, wọ́n tún kan ilẹ̀kùn.

"Èyí tó tóbi ti nàró. Ó ti ń lọ sí ìsàlẹ̀ omi, ó ń padà."

"Àti èkejì?"

"Òun ló ń lé e kiri."

"Ó dáa," ni aránṣọ wí, ó sì sùn. Dókítà sọ fún ìyàwó rẹ̀ ní kọ̀rọ̀ pé bí wọ́n bá dúró di Ọjọ́rú, ọ̀rọ̀ ì bá ti bẹ́yìn yọ.

Wọn ò lé obìnrin tó ń nu ilẹ̀. Aránṣọ fúnra rẹ̀ sọ fún àwọn ọ̀gá àgbà pé obìnrin náà ni akẹ́kọ̀ọ́ tó dára jù tí òun ní, bẹ́ẹ̀ kò tíì kọ́ ọ ju wákàtí mẹ́rin lọ. Ọdún mẹ́rin ni bàbá náà tún lò. Ní gbogbo ọjọ́ Ajé àkọ́kọ́ nínú oṣù, ó máa ń wọ kóòtù, ó ń lọ sí ilé ìwòsàn, yóò sì sọ fún ẹni tó bá bi í pé òun fẹ́ lọ wo àwọn aláìsàn òun. Dókítà á máa fi ẹ̀rọ gbọ́ àyà rẹ̀ bó ṣe ń wo ẹja. Ojú ewé tí ìyàwó rẹ̀ kà lọ́jọ́ Àìkú yẹn, ó fi píìnì mẹ́ta pa á pọ̀ mọ́ èkejì rẹ̀, ó ní ó ti ya. Ìyàwó rẹ̀ náà kò sì fẹ́ rí i mọ́.

Ó kú nídìí tábìlì rẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ kan, apá kóòtù kan lórí itan rẹ̀, bí ẹni tó ń ronú ibi tí òun yóò ti gé e. Oúnjẹ tó jẹ láàárọ̀ ọjọ́ náà, kò ṣẹ́ ẹ kù.

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, obìnrin tó ń nu ilẹ̀ wá kí ìyàwó rẹ̀. Lẹ́yìn ìkíni, ó sọ pé ẹja ńlá ilé ìwòsàn ti ká lẹbẹ mọ́ra láti àná, òun ò sì fẹ́ sọ pé ó di ọ̀la. Ìyàwó aránṣọ wọ gíláàsì ojú rẹ̀, ó ṣí ìwé náà láti ẹ̀yìn, ó ń wá irú rẹ̀. Ó dé ibi tí ewé méjì lẹ̀ pọ̀. Ó yọ píìnì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Lábẹ́ "Má tíì sọ fún ẹni tó ni ín," ọkọ rẹ̀ ti fi gègé mìíràn kọ ọ́ pé: "Ó yè. Ẹni tó ni ín ló tètè rí i." Lábẹ́ rẹ̀, láti òkè dé ìsàlẹ̀ ewé méjèèjì, ìlà kọ̀ọ̀kan fún oṣù kọ̀ọ̀kan: "Ó ṣì yè. Ó ṣì yè. Ó ṣì yè."

Obìnrin tó ń nu ilẹ̀ na ọrùn wò ó. "Màmá, ẹja wo nìyí? Ó mà pẹ́ láyé o."

Ìyàwó aránṣọ kà á lẹ́ẹ̀kejì, gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀. Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu rẹ̀, ó yọ gíláàsì ojú, ó fi etí ẹ̀wù nù ún, ó sì pẹ́ kó tó wọ̀ ọ́ padà.

"Ọ̀kan tó ní ẹsẹ̀ ni," ló wí.